Ẹ̀kọ́ wo ni kí ẹni tó fẹ́ máa tọ́jú eléré ìdárayá kà ní yunifásítì?

#1 Ọmọ Tákìé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. JAMB tó ń bọ̀ ni mò ń múra fún, Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Iṣẹ́ tó wù mí ni ti ẹni tó máa ń gbé báàgì sáré wọ pápá nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣubú, tó ń fi téèpù di ẹsẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tó sì ń tọ́jú eléré títí ara rẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò. Lókè òkun, athletic training ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo yẹ ìwé JAMB wò láti ojú ewé dé ojú ewé, mi ò rí i. Kí ni kí n kọ? Kí ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ gan-an? Ṣé èèyàn lè ti Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀, àbí àfi kí n kọrí sí Ìbàdàn?

#2 Ìyá Físíò

Káàbọ̀, àbúrò. O ò rí orúkọ yẹn torí pé iṣẹ́ náà kò dá dúró lábẹ́ òfin tiwa bó ṣe dá dúró ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ wọn, NATA, ti wà láti 1950, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ náà sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìlera ní 1990. Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ méjì ni iṣẹ́ kan náà pín sí. Físíò ló ní àṣẹ láti yẹ ara wò, kó sọ ibi tó bàjẹ́, kó sì tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ka Human Kinetics ló mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí pápá, bí a ṣe ń mú iṣan le, àti bí a ṣe ń ṣètò ìdánrawò kí ìpalára má bàa wáyé.

Nítorí náà, kó o tó kọ orúkọ ilé-ìwé kankan, má wo orúkọ ẹ̀kọ́. Wo ìwé àṣẹ tó wà lópin rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń fún físíò láṣẹ ni Medical Rehabilitation Therapists Board, òfin 1988 ló dá a sílẹ̀. Bí orúkọ rẹ kò bá sí nínú ìwé wọn, o ò lè pe ara rẹ ní físíò níbikíbi ní Nàìjíríà.

Physiotherapy wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Medical Rehabilitation, ó wà ní Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Ọdún 5 ni tẹ́lẹ̀, àwọn ilé-ìwé kan ti sọ ọ́ di 6. Lẹ́yìn rẹ̀, ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, kí NYSC tó dé. Ní JAMB, Use of English, Biology, Chemistry àti Physics ni. Ní WAEC tàbí NECO, kírẹ́díìtì 5 tí Mathematics wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì ń fẹ́ kó jẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo.

Sáyẹ́ǹsì lásán ni ọdún kìíní. Ọdún kejì àti ìkẹta ló wúwo jù, ibẹ̀ ni Anatomy, Physiology àti Biochemistry wà. Ẹ ó tú òkú wò, iṣan kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ ó sì mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, okùn iná ara (nerve) tó ń darí rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó bá fi àkọ́sórí là á kọjá yóò fara pa lẹ́yìn ọ̀la, torí pé ohun tí yóò máa fi ìka wá lábẹ́ awọ nìyẹn títí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á máa gbé yín kiri wọ́ọ̀dù: ti eegun, ti ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe, ti àwọn ọmọdé, ti àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ mímí. Mo ń sọ èyí kó o lè mọ̀ pé apá kékeré ni eré ìdárayá jẹ́ nínú ẹ̀kọ́ náà. Tó o bá fẹ́ pápá, ìwọ fúnra rẹ lo máa wá a lọ.

#3 Olùkọ́ PHE

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Human Kinetics ní Ìbàdàn, ọdún 4 ni. Fún ẹni tí JAMB rẹ̀ kò gbé débẹ̀, tàbí tí owó ilé kò tó, NCE wà ní Ọ̀yọ́ níbí, ọdún 3, Physical and Health Education. Ẹni tó bá ti mú NCE tó dára lè fi Direct Entry wọ ọdún kejì yunifásítì.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú Human Kinetics nìyí. Exercise physiology ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan bí èèyàn ṣe ń sáré. Biomechanics ń fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí tí orúnkún fi ń tẹ̀ wọnú nígbà tí eléré bá fò sọ̀kalẹ̀. Test and measurement ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn agbára, eré sísá àti ìnà ara, kó o lè mọ̀ bóyá ẹni tó lóun ti gbádùn ti gbádùn lóòótọ́. Ìtọ́jú pàjáwìrì náà wà níbẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé o ò ní ka ìwé títí ọdún 3 kó o tó dé pápá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, torí ó máa ń dùn mí bí ẹnikẹ́ni kì í ti í mẹ́nu bà á. Ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀, tó ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́ fáwọn tó ní ìpèníjà ara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà ní Ọ̀yọ́ níbí, Nàìjíríà sì jẹ́ àgbà nínú gbígbé irin fáwọn eléré tó ní ìpèníjà ara. Ta ló ń tọ́jú wọn? Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ arọ ń lo èjìká rẹ̀ bí ẹsẹ̀, èjìká yẹn á gbó. Bí ó bá jókòó pẹ́ lórí ohun líle, egbò á yọ ní ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ lókè àyà kì í làágùn dáadáa nísàlẹ̀ ibi tó bàjẹ́, ooru á tètè mú un. Tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ bá kún láìtú, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè ga lójijì, orí á fọ́ ọ, ojú rẹ̀ á pọ́n: gbé e jókòó dáadáa, tú gbogbo ohun tó fún un, wo ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, pe dókítà. Ẹni tó bá kọ́ èyí dáadáa kò ní í wáṣẹ́ tì.

#4 Ọmọ Akẹ̀sán

Ibi tí ẹ̀ ń sọ yẹn ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ sójúkojú. Ẹni tó ka Human Kinetics kì í ṣe físíò. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ìwé ẹ̀rí náà, wọ́n á wá kọ "Sports Physio" sẹ́yìn ẹ̀wù, wọ́n á máa fọwọ́ fa eegun àwọn èèyàn. Òfin kò fàyè gbà á. Kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ 6 orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí "sports medicine" kò sì fún un láṣẹ kankan. Ó dára láti fi kún ìmọ̀, kò dára láti fi jẹun.

Ohun méjì tó máa ń ba fọ́ọ̀mù jẹ́: àkọ́kọ́, fífi Agric tàbí Geography rọ́pò Physics, lẹ́yìn náà kí ọmọ máa wá Physiotherapy. Wọn ò ní wo ojú rẹ̀. Ìkejì, ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i. Kó o tó san owó ìgbàwọlé, lọ wo orúkọ ilé-ìwé náà nínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ fúnra rẹ, má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọdún 5 kì í ṣe kékeré láti fi ṣòfò.

#5 Ọmọ Tákìé

Ẹ ṣeun gan-an, mà, sà. Mo ní Physics, mo dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ kan hàn mí ní kíkún kí n lè mọ ohun tí mò ń lọ bá. Ẹsẹ̀ tó rọ́, fún àpẹẹrẹ. Ní àdúgbò wa, wọ́n á fi róòbù ra á, wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fà á títí á fi dún.

#6 Alátéèpù

Àbúrò, àpẹẹrẹ tó o mú yẹn dára, torí ọrùn ẹsẹ̀ ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò rẹ.

Ẹsẹ̀ máa ń rọ́ sínú, àtẹ́lẹsẹ̀ á kọjú sí ẹsẹ̀ kejì. Okùn ẹran tó so eegun pọ̀ lápá òde ló máa ń já, èyí tó wà níwájú kókósẹ̀ òde ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú, ìdí nìyẹn tó fi ń wú. Ooru, róòbù àti ìrara ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yẹn pọ̀ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fífà tí wọ́n ń fà á títí á fi dún lè mú eegun tó ti sán tẹ́lẹ̀ yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀.

Nítorí náà, eegun ni kó o kọ́kọ́ rò, kó o tó ro iṣan. Àwọn dókítà kan ní Ottawa, ní Kánádà, gbé ìlànà kan jáde ní 1992 tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Fi ìka tẹ ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀, ti inú àti ti òde, láti ṣóńṣó rẹ̀ lọ sókè ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 6. Tẹ ìdí eegun gígùn tó lọ bá ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, níbi tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ òde. Tẹ eegun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ inú, níwájú kókósẹ̀ inú. Lẹ́yìn náà, ní kó rìn ní ìgbésẹ̀ 4. Títiro kò burú. Bí eegun bá ń dùn ún ní ọ̀kan nínú ibi wọ̀nyẹn, tàbí tí kò lè gbé ìgbésẹ̀ 4 náà, X-ray ni. Bí kò bá sí ìkankan níbẹ̀, ó ṣòro kí eegun ti kán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n máa ń tẹ ibi tó wú níwájú, níbi tó dájú pé á dùn, wọ́n á gbàgbé ẹ̀yìn eegun.

Ìdánwò tí a fi ń mọ̀ bóyá okùn náà já tán: di ojúgun mú gírígírí, jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kó o fa gìgísẹ̀ síwájú, kó o sì fi wé ẹsẹ̀ kejì. Lójú ẹsẹ̀ tó ń wú, tí eléré ń le ara rẹ̀ nítorí ìrora, ìdánwò yìí ń tan èèyàn. Tún un ṣe ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ìgbà yẹn ló ń sọ òótọ́.

Ní ti téèpù, ti zinc oxide tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3.8 ni. Awọ gbọ́dọ̀ mọ́, kó gbẹ, kó má ní òróró ìpara. Eléré á jókòó sórí tábìlì, ẹsẹ̀ á yọ síta, ìka ẹsẹ̀ á kọjú sókè ní igun 90. Lẹ kànrìnkàn pẹlẹbẹ díẹ̀ tó ní vaseline síwájú ọrùn ẹsẹ̀ àti sẹ́yìn, níbi tí téèpù á ti máa ha awọ, kó o fi fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e lẹ́ẹ̀kan. Téèpù 2 ni ìpìlẹ̀ lókè, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sókè kókósẹ̀, kí ìkejì bo ìdajì àkọ́kọ́. Ẹyọ kan sí àárín ẹsẹ̀, kó má fún rárá. Lẹ́yìn náà, téèpù 3 tó ń gba abẹ́ gìgísẹ̀: bẹ̀rẹ̀ láti inú, gba abẹ́, fà á gòkè sí òde. Tó o bá fà á láti òde wá sínú, ìwọ gan-an lò ń ti ẹsẹ̀ síbi tó ti rọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, wé e bíi 8, kó o fi téèpù ti gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lápá òde, ẹ̀ẹ̀mejì lápá inú, kó o wá bo gbogbo ojú ààlà.

Tẹ èékánná ìka ẹsẹ̀ kó funfun, àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Bi í bóyá ẹsẹ̀ ń kú tipiri. Ní kó dìde, kó sáré díẹ̀. Ibi tí téèpù bá ká pọ̀ ni awọ á ti lé ròrò. Ẹni tó ń wé e yí ká láìgé e ń ká iṣan mọ́, bí iṣan bá sì wú nígbà eré, kò sí àyè fún un mọ́. Tí ẹsẹ̀ bá rọ̀ wálẹ̀ nígbà tó ò ń dì í, iṣẹ́ asán ni, nítorí o ti fi téèpù dì í sí ipò ìpalára.

Téèpù máa ń dẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 tí wọ́n ti ń sáré. Ẹsẹ̀ kan sì lè jẹ ju ìdajì róòlù lọ. Fún ẹgbẹ́ tí kò lówó, bíréèsì ọrùn ẹsẹ̀ tó ní okùn bíi ti bàtà ló dín ìnáwó kù láàárín sáà kan. Ohun mìíràn tó tún ń dènà kí ẹsẹ̀ má tún rọ́ ni ìdánrawò ìdúró lẹ́sẹ̀ kan: ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, lójoojúmọ́, kó là ojú, lẹ́yìn náà kó di ojú, lẹ́yìn náà kó máa gba bọ́ọ̀lù.

#7 Bàbá Eré Sísá

Ọ̀gbẹ́ni Alátéèpù ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdènà, torí ẹni tó ń dúró de ìpalára kó tó ṣiṣẹ́ ti pẹ́.

Fún bọ́ọ̀lù, ẹ kọ́ FIFA 11+, ètò ìdánrawò tí a ń fi mú ara gbóná kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ó gba bí ìṣẹ́jú 20, ìdánrawò 15 ló wà nínú rẹ̀ ní ìpín mẹ́ta: eré jẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú 8, agbára àti ìdúró ìṣẹ́jú 10, eré kíkankíkan ìṣẹ́jú 2. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn kóòṣì wa máa ń gé apá kejì kúrò kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ apá kejì yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ìdánrawò iṣan ẹ̀yìn itan wà níbẹ̀: eléré á kúnlẹ̀, ẹnì kan á di kókósẹ̀ rẹ̀ mú, òun á máa ṣubú síwájú díẹ̀díẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kò ní ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí 5 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 7 sí 10 tó bá yá, lẹ́yìn náà 12 sí 15. Bí ẹ bá fún un ní 15 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní lè rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì ní fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ooru ńkọ́? Oṣù kejì àti ìkẹta ní Ogbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe eré. Ẹni tí ooru ti wọ̀ lára dé ọpọlọ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa sọ ìsọkúsọ, á bínú láìnídìí. Àwọn kan ń dúró kí awọ rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbà pé ooru ni. Irọ́ ni o, eléré lè máa làágùn lọ́wọ́ kí ooru ara rẹ̀ ti kọjá 40°C. Tẹmómítà abẹ́ apá àti ti etí ń purọ́ nígbà yẹn, ti ihò ìdí nìkan ló ṣeé gbára lé. Ẹ kọ́kọ́ tu ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó gbé e lọ ilé ìwòsàn. Àwọn ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ ló ń pinnu. Bí kò bá sí ọpọ́n ńlá, tẹ́ tapólì sílẹ̀, gbé e sórí rẹ̀, kí èèyàn 4 sí 6 gbé etí tapólì sókè kó dà bí ọkọ̀ ojú omi, da omi àti yìnyín sínú rẹ̀, kí ẹ máa mì í kí omi máa rìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di orí rẹ̀ mú kó má rì. Ẹ gbé e jáde tí ooru ara bá ti dé bíi 39. Ẹ má da omi sẹ́nu ẹni tí iyè rẹ̀ kò pé.

Ẹ sì béèrè jínótáìpù gbogbo ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín. AS lè ṣe gbogbo eré, kí ẹnikẹ́ni má lé e kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi eré àsápajúdé léraléra láìsinmi dán an wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà. Bó bá ní ẹsẹ̀ òun kò lágbára mọ́, tó lọ rọra jókòó láìké pé iṣan fà á, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ dá a dúró, ẹ fún un ní ọ́síjìn bó bá wà, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn.

#8 Ìyá Físíò

Ẹ ṣeun, Bàbá. Èmi á sọ ti ọkàn, torí òun ló ń pani kíákíá jù.

Gbogbo wa la mọ Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tó ṣubú ní pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, 1989, nígbà tí a ń bá Angola gbá. Kò padà dìde. Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark, náà ṣubú ní Copenhagen ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, 2021, ó sì wà láàyè, torí pé wọ́n ti ń tẹ àyà rẹ̀ láìfi àkókò ṣòfò, ẹ̀rọ AED, tó ń fi iná mú ọkàn padà sẹ́nu iṣẹ́, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Eléré tó bá ṣubú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá a, tí kò dáhùn, ọkàn ni kó o kà á sí títí a ó fi rí i pé nǹkan mìíràn ni. Ó lè máa gbọ̀n díẹ̀, àwọn èèyàn á ní wárápá ni, wọ́n á máa wá ṣíbí tí wọ́n á fi là á lẹ́nu. Ó lè máa mí gúlegúle, wọ́n á ní ó ń mí. Kì í ṣe èémí. Tẹ àárín àyà, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, 30 títẹ̀ sí èémí 2. Jẹ́ kí àyà gbéra padà tán kó o tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á ti rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 2, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí kò sí AED àti títẹ àyà ń gé ìrètí rẹ̀ kù ní ìdá 7 sí 10 nínú 100.

Nítorí náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kọ ètò pàjáwìrì sílẹ̀ fún pápá náà gan-an. Ní pápá Ṣọ̀ún, fún àpẹẹrẹ: ọ̀nà wo ni ọkọ̀ máa gbà wọlé? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà? Ta ló máa pe 112, ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà júwe, ilé ìwòsàn wo ni? Ẹ fi ara ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ètò tó wà nínú ìwé nìkan máa ń já lórí kọ́kọ́rọ́.

Ní ti orí tí wọ́n gbá: bí o bá ń ṣiyèméjì pé ọpọlọ rẹ̀ mì, mú un kúrò, kò ní padà sínú eré lọ́jọ́ yẹn. Èébì léraléra, orí tó ń fọ́ sí i, ọrùn dídùn, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó kú, oorun tó ń kùn ún: ilé ìwòsàn tààrà. Àwọn tó kù á sinmi ní ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n á máa rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á gba ìpele 6 padà sínú eré, ó kéré tán wákàtí 24 fún ìpele kọ̀ọ̀kan, dókítà á sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kọlu ẹnikẹ́ni lórí pápá.

#9 Ará Òkè Òkun

Fún ẹni tó bá ń wo Amẹ́ríkà: ìwé àṣẹ wọn ni ATC, ìgbìmọ̀ BOC ló ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí CAATE, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé-ìwé ẹ̀kọ́ náà wò, fọwọ́ sí. Wọ́n ti gbé e kúrò ní dìgírì àkọ́kọ́, másítáàsì ni báyìí, ó sábà máa ń gba ọdún 2. Ẹni tó bá rí ilé-ìwé tó ṣì ń polówó dìgírì àkọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, kó sá.

Ohun tí wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó gbà ọ́ sí másítáàsì ni Biology, Chemistry, Physics, Psychology, Anatomy àti Physiology ní yunifásítì. Human Kinetics lè má ní Physics àti Chemistry, ibẹ̀ ló ti ń ṣòro. Mú wọn ní àyàn láti ọdún kìíní, kó o sì tọ́jú ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n á bi ọ́. Ẹni tó bá gba àṣẹ tán gbọ́dọ̀ máa kọ́ ìmọ̀ tuntun fún wákàtí 50 ní gbogbo ọdún 2, kó sì máa ní ìwé ẹ̀rí títẹ àyà tí kò tíì parí. Physiotherapy ti Nàìjíríà nìkan kò sọ èèyàn di ATC, físíò ti ibí náà ní ìdánwò tirẹ̀.

#10 Ọmọ Tákìé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Physiotherapy ni màá kọ sí ipò kìíní. Tí máàkì mi kò bá tó ńkọ́? Kí sì ni mo lè máa ṣe ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí kí n tó wọlé?

#11 Ọmọ Akẹ̀sán

Tí kò bá tó, Anatomy àti Physiology wà ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ nílé níbẹ̀. Kò ní sọ ọ́ di físíò, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ gidi ni fún másítáàsì exercise physiology tàbí ti Amẹ́ríkà tí ẹ̀gbọ́n sọ, àwọn ilé-ìwé kan sì ń gba irú dìgírì bẹ́ẹ̀ fún Direct Entry sí Physiotherapy. Human Kinetics Ìbàdàn náà wà. Má gba ẹ̀kọ́ tí kò kàn ara èèyàn kó o ní wàá yí i padà lọ́dún kejì, ó ṣòro ju bí àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lọ.

#12 Alátéèpù

Ní ti ohun tó o lè ṣe: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Crown FC wà ní Ogbómọ̀ṣọ́, ìdíje àárín ilé ti àwọn ilé-ìwé girama wà ní sáà kejì. Kọ lẹ́tà, béèrè láti máa ran ẹni tó ń tọ́jú wọn lọ́wọ́. Gbígbé omi ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ọ. Gbé e. Má fọwọ́ kan ìpalára ẹnikẹ́ni láìsí ẹni tó láṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, bí obìnrin bá sì ni eléré náà, kí ẹnì kejì wà níbẹ̀, kó o sì gba àyè lẹ́nu rẹ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí báàgì nílò fún eré kan: róòlù téèpù 6, báńdéèjì onírọ̀bá 4, aṣọ onígun mẹ́ta 2, ìbọ̀wọ́ méjì-méjì bíi 10, gọ́ọ̀sì, àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò mú, ìbòjú tí a fi ń fẹ́ èémí, tọ́ọ̀ṣì, páálí líle tí a fi ń ti ẹsẹ̀ tó kán. Kúlà tó ní píọ́ wọ́tà dídì bíi 20. Ẹ fi aṣọ tútù wé e kí ẹ tó gbé e lé awọ, ìṣẹ́jú 15 sí 20, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yìnyín tí wọ́n gbé lé awọ lásán fún wákàtí kan máa ń jó awọ bí iná. Tapólì tí Bàbá sọ náà kì í wọ́n.

Má gbé oògùn kankan sínú rẹ̀. Tramadol ti wọ àkọsílẹ̀ èèwọ̀ WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn líle nínú eré ìdárayá, fún ọjọ́ ìdíje láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2024, abẹ́rẹ́ glucocorticoid, tó ń dín wíwú kù, láti 2022, oògùn òtútù tó ní pseudoephedrine sì lè sọ eléré di ẹni ìfòfindè. Àkọsílẹ̀ yẹn ń yí padà ní gbogbo oṣù kìíní ọdún.

Mú ìwé kékeré kan dání. Fún ìpalára kọ̀ọ̀kan, kọ ohun mẹ́rin: ohun tí eléré sọ, ohun tí o rí àti ibi tí wọ́n tẹ̀ tó dùn ún, ohun tí ẹni tó láṣẹ pè é, àti ohun tí wọ́n ní kó ṣe títí di ìgbà wo. Fi ọjọ́ àti aago sí i. Má kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà ẹ̀wù rẹ̀ ti tó, má sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp.

#13 Ọmọ Tákìé

Mo ti ra ìwé náà. Lẹ́tà ń lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

#14 Ìyá Físíò

Ó dára, àbúrò. Kí o tó lọ, mú orúkọ eegun ẹsẹ̀ méjèèjì, láti itan dé ọmọ ìka, kó o sì máa fi ìka wá ọ̀kọ̀ọ̀kan lára ẹsẹ̀ tìrẹ títí wàá fi rí i láìwo ìwé.